Ọkọ̀ Ojú Irin tí Mo Fi Páálí Kàn fún Ìyá Àgbà

N kò ní gbàgbé ọjọ́ tí mo parí ọkọ̀ ojú irin kékeré tí mo fi páálí àti páànù kàn nílé wa ní Gawon Nama, ní Sókótó. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, tí kò ríran mọ́, ló júwe bí èyí tí wọ́n ń wọ̀ láti Ìlọrin lọ sí Kàdúná ṣe rí fún mi.

Láti àárọ̀ ni ara mi kò ti balẹ̀. Mo lẹ àga, ó ṣí. Mo gé fèrèsé, ó wọ́. Mo ń dìde, mo ń jókòó, títí mo fi gbé ọkọ̀ náà lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́.

Wọ́n ń fọwọ́ tọ́ ọ wò láti iwájú lọ sẹ́yìn. Lójijì, ọwọ́ wọn dúró. Mo sún mọ́ wọn.

“Ìyá, ṣé mo ṣì í kàn ni?”

“Rárá, Àbẹ̀ní. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí gan-an ni mo bí bàbá rẹ sí. Ọkọ̀ ń sáré lọ, kò dúró.”

Bàbá mi, tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, pariwo: “Wallahi! Ṣebí Kàdúná lẹ ní ẹ bí mi sí?”

“Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní ọmọ ojú ọ̀nà ni.”

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ẹ fi ibẹ̀ hàn mí, Ìyá.”

Ìyá Àgbà di ìka bàbá mi mú, wọ́n sì gbé e lé ibẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i tí bàbá mi sunkún, inú mi sì dùn dọ́ba pé ọkọ̀ tí mo kàn ló fi ibi tí wọ́n bí i sí hàn án.