Àpò Ẹ̀gẹ́ Tó Bẹ́ Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan ló fà mí wọ ilé ẹ̀rọ gàrí kan ní Ẹ̀jìgbò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Súkúrù gbọọrọ kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀ nínú ọpọ́n irin, ó lọ́ mọ́ ọ̀pá bí ejò tó ń gun ọ̀pẹ. Bó ṣe ń yí ló ń ti ẹ̀gẹ́ rírin síwájú díẹ̀díẹ̀, láìsí agbọ̀n, láìsí orí ẹnikẹ́ni. Mo na ọwọ́ sí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọwọ́ yín kúrò!" ni ọmọbìnrin tó ń bójú tó o ké. "Irin yìí ò mọ àgbà o!"

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi àti súkúrù ti mọra tipẹ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, òkúta la fi ń tẹ omi kúrò lára ẹ̀gẹ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló sì máa ń gbà. Àfìgbà tí bàbá Ràjí, télọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láti Abíjáàn, gbé irin ìtẹ̀ kan wálé, súkúrù láàárín rẹ̀, ọ̀pá ìyí lórí. Ràjí ni ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ̀ ní òun ń mú un lọ sí Abíjáàn, ọkọ̀ yóò gbéra nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ìyá àgbà mi sì ti ṣèlérí gàrí tí yóò jẹ lọ́nà.

Mo ní kí n tètè parí ẹ̀. Mo gbé àpò ẹ̀gẹ́ rírin sábẹ́ irin ìtẹ̀, mo rọ̀ mọ́ ọ̀pá náà, mo yí i tagbáratagbára, n ò dúró. Àpò bẹ́! Wọ́n gbọ́ ọ ní Ẹ̀jìgbò. Ẹ̀gẹ́ fò gun òrùlé, àwọn adìyẹ tó gòkè lọ jẹ ẹ́ yó débi pé ọjọ́ márùn-ún ni wọn ò fi lè sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé o ń bá irin jà ni?" ni Ìyá àgbà wí. Mo bú sẹ́kún. Ọ̀rẹ́ mi yóò lọ lọ́wọ́ òfo.

Ràjí fúnra rẹ̀ ló kó èyí tó kù jọ, tó fi abẹ́rẹ́ bàbá rẹ̀ rán àpò. Ó yí súkúrù díẹ̀, ó jókòó. Bí omi bá dá, á tún yí i díẹ̀.

"Jẹ́ kó mí, alágbára," ló ń wí fún mi.

Gàrí náà ṣì gbóná nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè lọ́jọ́ kejì. Ràjí gbé e lé itan. "Má jẹ́ kí àpò mìíràn bẹ́ o!" Ohùn rẹ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn.

Òkúta ti lọ, agbọ̀n ń lọ, mo sì dúpẹ́, torí ọrùn àwọn ìyá wa ti jìyà tó. Ṣùgbọ́n súkúrù ò tíì kọ́ eré sísá. Ọmọbìnrin yẹn bu gàrí gbígbóná lé mi lọ́wọ́. Mo jẹ́ kó tutù kí n tó jù ú sẹ́nu.