Òyìnbó Tó So Mí Mọ́ Àna Mi

Ẹni tó bá ní òun ti gbá bọ́ọ̀lù rí, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ohun tí mo ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tí òyìnbó ará Sìkọ́tíláńdì kan kọ́kọ́ dé pápá wa l'Ábẹ́òkúta. Sàlúbàtà ló wọ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ti lé lógójì ọdún ni wá. Ní àárọ̀ Sátidé, a máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sí Kútọ̀, kí ikùn má baà máa ṣáájú wa wọlé. Olùkọ́ ni mí, Tíṣà ni wọ́n sì ń pè mí. Ẹ̀yìn ni mò ń gbá, láàárín gan-an, níwájú aṣọ́lé. Nọ́ńbà fáífù là ń pe ipò yẹn, mo sì ti wà níbẹ̀ látìgbà tí gbogbo irun orí mi ṣì dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó kọ́kọ́ gbé òkú mi kúrò lọ́nà. Àwàdà ni o, ṣùgbọ́n ẹ má rẹ́rìn-ín jù.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni ìyàwó òyìnbó yìí. Àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì wálé. Ìyàwó náà ló sọ fún wa pé ọkọ òun gbá ẹ̀yìn ní Sìkọ́tíláńdì fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé orúnkún ló lé e kúrò lórí pápá, ló bá di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó kọ́ ikọ̀ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì lé e dànù. Èyí tó kẹ́yìn yẹn nìkan ni mo gbà gbọ́. Wọ́n ní yóò máa kọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Òyìnbó, lọ́fẹ̀ẹ́, l'Ábẹ́òkúta. Ta ni kò ní fura?

Mo wá orúkọ rẹ̀ lórí fóònù. Mo rí dókítà eyín, mo rí ẹni tó ń sin àgùntàn, mo rí ẹnì kan tó ti kú. Mi ò rí agbábọ́ọ̀lù.

Fún oṣù kan gbáko, Kóòṣì, bí a ṣe ń pè é, kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Á kàn dúró létí ìlà, á káwọ́ sẹ́yìn, á máa wò mí. Kì í ṣe àwa o, èmi.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Ipò mi ni ọkùnrin yìí ń wò."

Ó ní, "Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Mo dán Kóòṣì wò. Mo bẹ ẹni tó yára jù lára àwọn tó ń gbá iwájú pé kó gbé bọ́ọ̀lù kọjú sí i, kó là á kọjá, ká rí i. Kóòṣì kò sáré. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ fún un, ó ń rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó ń tì í lọ láì fọwọ́ kàn án, títí ọ̀gbẹ́ni náà fi gbá bọ́ọ̀lù jáde fúnra rẹ̀ lẹ́bàá àsíá igun pápá. Kóòṣì padà sáyè rẹ̀ pẹ̀lú sàlúbàtà lẹ́sẹ̀.

Inú mi bàjẹ́. Mo ti fẹ́ kó jẹ́ òpùrọ́. Tí kì í bá ṣe òpùrọ́, a jẹ́ pé òótọ́ ni ohun tó ń rí lára mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó mú okùn wá. Ó so àwa mẹ́rin tó ń gbá ẹ̀yìn mọ́ra níbàdí bí ẹran iléyá, ó ní ká jọ máa lọ, ká jọ máa bọ̀, bí àwọn tó ń gbá iwájú ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù kọjú sí wa. Ìyá kan tó ń kọjá dúró, ó béèrè ohun tí a jí.

Ẹni tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi ni Àlàájì, oníṣòwò àdìrẹ n'Ítòkú, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Gbogbo okùn tó kù le dáadáa. Èyí tó wà láàárín èmi àti Àlàájì ló ń wọ́lẹ̀. Kóòṣì dá wa dúró. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dà bíi tẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó yé mi.

"Tíṣà, ṣé o rí ẹni tó wà lẹ́yìn Àlàájì?"

"Mo rí i. Ó ti pẹ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún un?"

Èèyàn kì í pariwo mọ́ àna. Iwájú ọkùnrin yìí ni mo dọ̀bálẹ̀ sí kí wọ́n tó fún mi níyàwó. Tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, mo gbọ́dọ̀ kí i, kí n béèrè ará ilé, kí n tó kan bọ́ọ̀lù. Kó tó dìgbà náà, gòólù ti wọlé.

Àlàájì ló dáhùn, pẹ̀lú ìyangàn. "Àna mi ni. Ó mọ̀wà."

Kóòṣì mi orí. Òun náà jẹ́ àna Ẹ̀gbá, ó ti nà gbalaja rí. Ó ní, "Sátidé tó ń bọ̀, àwọn awakọ̀ àjàgbé Ewékorò ń bọ̀ wá bá wa gbá. Kò ní sí okùn. Tíṣà, tí o bá tún rí nǹkan tí o dákẹ́, wá jókòó tì mí, kí o fi ipò yẹn sílẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò jẹun dáadáa. Ète ni, mo mọ̀. Tí mo bá pariwo, ilé mi dàrú. Tí mi ò bá pariwo, ipò mi lọ.

Nígbà tí Sátidé náà dé, ó ku díẹ̀ kí eré parí, kò tíì sẹ́ni tó jẹ gòólù. Awakọ̀ kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn yọ́ gba ẹ̀yìn Àlàájì. Àlàájì ń wo bọ́ọ̀lù lókè.

"Ẹ̀yìn! Àlàájì, ẹ̀yìn! Ṣé ẹ ń sùn ni?"

Àlàájì yí padà, ó gbá bọ́ọ̀lù wọgbó. A gbá ọ̀mì. Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ láì wo ojú mi.

Mo délé, ìyàwó mi ti gbọ́. "O bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó ń sùn?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ta ni kò sọ fún mi?"

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bẹ̀bẹ̀ n'Ítòkú. Mo rí ọkọ̀ Kóòṣì lẹ́nu ọ̀nà. Ó tán, mo ní, wọ́n ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìta, bí mo sì ṣe wọlé ni wọ́n dákẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Àlàájì fi mí síbẹ̀.

"Kóòṣì, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kí wọ́n tó ní kí ẹ dìde?"

Kóòṣì ní, "Ó wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀."

Àlàájì wá kọjú sí mi. "Kóòṣì ní òun ló rán ọ ní 'ẹ̀yìn.' Ta ló rán ọ ní 'ṣé ẹ ń sùn'?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà."

"Dìde. Tá a bá ti wọ pápá, máa pariwo. Mi ò ní gba gòólù nítorí pé mo fún ọ níyàwó."

Bí ipò mi ṣe ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Nígbà tí a jáde, mo bi Kóòṣì ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí kí n tó wọlé. Ó ní, "Bọ́ọ̀lù."

Sátidé tó kọjá, kí a tó lọ sinmi ní ìdajì eré, Àlàájì ti pariwo mọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó pè mí ní òpó iná. Kò sì sẹ́ni tó ní kó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo wo Kóòṣì létí ìlà. Ojú ọ̀run ló ń wò, bíi pé kì í ṣe òun ló rán an.