Ìwé Tí A Ní Kí Gbogbo Ayé Dà Kọ

Ọdún tí wọ́n gbé mi wá ṣe tíṣà ní Ugbonla ni mo kọ ìwé pẹlẹbẹ kan. Ìyá onílé mi, opó tó ti ń pẹja láti kékeré, ló ń sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń ti ojú omi kan bọ́ sí òmíràn, ibi tó jìn, ibi tí kùkùté fara pamọ́ sí. Èmi ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀, torí Màmá kò mọ̀wé rárá.

Mo ti kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á kọ láìgbàṣẹ. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń gbélé náà, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo, kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lókè òkun ti dorí òfin yẹn kodò: ẹni tó bá wù kó dà á kọ, kó tún un ṣe, ṣùgbọ́n kó má dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ àtiṣe bẹ́ẹ̀. Nínú èdè Òyìnbó, ọ̀rọ̀ kan náà, "right", ni ẹ̀tọ́ àti ọwọ́ ọ̀tún. Ni wọ́n bá fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n pe tiwọn ní ti ọwọ́ òsì.

Mo sọ ọ́ fún Màmá.

"Ìyẹn dáa," ló wí. "Ta ló ni omi? Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá dà á kọ, kó fi ohun tí ojú tirẹ̀ rí kún un. Ẹni tó bá gbé e pamọ́, kí àwọ̀n rẹ̀ máa gbé òfìfo bọ̀."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe tẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn abúlé ojú omi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èéfín bo abúlé tó kángun sí wa. Mo bá ọkọ̀ tó kọ́kọ́ ṣí sá lọ sí Igbókòdá. Màmá ní òun ń bọ̀. N kò rí i mọ́, kò sì sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀.

Ní ọdún kejì, obìnrin kan tó ń yan ẹja ní Araromi fi ìwé kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ dà kọ hàn mí. Ìwé wa ni. Wọ́n ti fi kún un lóríṣiríṣi: abúlé tó ti di eérú, ibi tí ajá ti ń gbó tí kò séèyàn níbẹ̀. Ojú ewé tó kẹ́yìn ní: "Tíṣà, má gba ẹ̀yìn ilé bọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àwa."

Èmi àti Màmá nìkan là ń pe ojú omi kan tó gba inú igbó wọ Ugbonla ní ẹ̀yìn ilé.

"Ta ló kọ èyí?"

"Bí mo ṣe bá a lára èyí tí mo wò kọ nìyẹn. Inú ọkọ̀ kan tó ń léfòó kiri ni wọ́n ti rí i. Kò sẹ́nì kankan nínú ọkọ̀ náà."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo háyà ọkọ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé náà lọ́sàn-án gangan. Ní ẹnu ojú omi náà, awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. A gbọ́ bí ẹni ń fi àjẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn àwọn igi ẹ̀gbà tó hù sínú omi.

Mo pe Màmá. Ìró náà dákẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká padà," awakọ̀ ní.

Mo rántí ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé náà, n kò sì ta kò ó.