Ohùn Tí Ó Ń Dúró De Ìdáhùn

Nígbà tí ilé gíga ń hù ní Plateau ní ìlú Abidjan bí olú, yàrá kan ni mo háyà ní Adjamé, nínú agboolé àwọn ará Ọ̀yọ́ kan. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe. Ẹnu ìyá arúgbó kan ló ń jí mi láràárọ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ni agboolé náà, aṣọ ló ń tà lọ́jà.

Bí ìyá náà bá ti kírun àárọ̀ tán, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa ki àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lọ sílé-ìwé. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Á pe oríkì ọmọ náà, á dákẹ́ kí ọmọ dáhùn, lẹ́yìn náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn baba ńlá wọn lé e lórí.

Ilé-ìwé kò ní sùúrù fún baba ńlá ẹnikẹ́ni. Bí aago bá ti lù, wọ́n á ti géètì.

"Ìyá àgbà, je suis en retard!" Ọmọ á pariwo lédè Faransé pé òun ti pẹ́.

"Ta ni ń jẹ́ rutáà? Ṣé ó ju baba ńlá rẹ lọ ni?"

Gbogbo agboolé á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé, "Tonton, ó gùn jù." Nígbà tó yá, àkọ́bí nìkan ló kù tó ń kúnlẹ̀, ọmọbìnrin tó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ìyá wọn kì í dá sí i. Abidjan ni wọ́n bí òun sí, "Bonjour" ló sì fi ń kí àwọn ọmọ rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí tí kì í fi í bá ìyá ọkọ rẹ̀ kì wọ́n. Ó ní, "Ta ló kọ́ mi?"

Ọkọ rẹ̀ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó wọ yàrá mi wá, ó nawọ́ sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí mo fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gba ohùn ìyá mi sínú eléyìí. Bí wọ́n bá lọ, ó parí nìyẹn."

Ìyá náà wo ẹ̀rọ náà síwá, ó wò ó sẹ́yìn. "Ta ni kí n kì níbẹ̀? Kò lójú, kò létí. Ẹ pe èèyàn wá síwájú mi."

Àwọn ọmọkùnrin ti lọ gbá bọ́ọ̀lù. Àkọ́bí ni a rí. Ó kúnlẹ̀. Ìyá àgbà pe oríkì rẹ̀, ó sì dákẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìtìjú ẹ̀rọ mú ọmọ náà, ó kàn mi orí. Ìyá ní, "Mo ní, ṣé o gbọ́ mi?" Ọmọ tún mi orí. Ìyá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wá kì í lọ títí, ó kì í dé orí ẹni tó kọ́kọ́ ru ẹrù aṣọ dé etí ọ̀sà yìí.

Téèpù kì í rí orí mímì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló gbà sílẹ̀.

Ìyá náà kú nígbà òjò ọdún yẹn, ojú oorun ló gbà lọ. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ọmọ rẹ̀ ra ẹ̀rọ tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé e sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó fi téèpù ìyá rẹ̀ sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Mo wà nídìí omi, mò ń fọ ẹnu. Mo gbọ́ tí òkú pe oríkì àkọ́bí. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń di okùn bàtà rẹ̀. Ohùn dákẹ́. Ó tún dé: "Mo ní, ṣé o gbọ́ mi?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Mo gbọ́, ìyá àgbà."

Kọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ẹni tí Yorùbá bí, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí, ti mọ èyí kó tó mọ̀wé: bí ohùn bá pè ọ́ tí o kò rí ẹni, má dáhùn. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè náà ti gbà láti bá a lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ibà dá ọmọ náà wó. Ní ọsibítù, dókítà ní ibà lásán ni, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó sì dá a dúró síbẹ̀. Ibà lọ, ibà padà. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná jù, á máa sọ pé, "Mo gbọ́. Mo gbọ́."

"Bàbá wọn," ìyàwó sọ fún ọkọ rẹ̀ níṣojú gbogbo wa, "ìyá yín pè é, ó sì jẹ́. Ẹ pa ohùn yẹn, kí n lè rí ọmọ mi mú bọ̀ wálé."

Télọ̀ ará Porto-Novo tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi dá sí i. "Ìyàwó wa, ẹ̀rọ ni. Akọrin tó ti kú ń kọrin nínú rédíò mi láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi rèé, mò ń sanra sí i."

"Àwọn yẹn ò pe ọmọ mi."

Télọ̀ nawọ́, ó yí rédíò rẹ̀ wálẹ̀.

Ọkọ bi mí bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́. Mo fi bọ́tìnnì méjì hàn án, pé kó tẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ẹ̀rọ lè gba ìró mìíràn bo ohùn náà. Ó gbé ìka lé wọn, kò tẹ̀ wọ́n. "Bí mo bá pa eléyìí, ẹnu ta ló kù nílé yìí tí yóò máa kì í?"

Ìyàwó rẹ̀ nawọ́ sí i, ó ní, "Ẹ gbé e wá."

Bí ó bá ti ọsibítù dé lọ́sàn-án, á gbé ẹ̀rọ náà wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. A ń gbọ́ ohùn òkú nínú yàrá. A ń gbọ́ ohùn alààyè tó ń tẹ̀lé e, tó ń kọsẹ̀, tó ń padà sẹ́yìn. Ó sọ fún mi nígbà tó yá: "Mo fẹ̀yìn ti ògiri, kí nǹkan má baà gba ẹ̀yìn mi wá. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá bi mí bóyá mo gbọ́, mo pa ẹnu mọ́."

Lọ́jọ́ tó mọ oríkì náà délẹ̀, ó pe ọkọ rẹ̀. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ wàyí." Ọkọ tẹ bọ́tìnnì méjèèjì. Ẹ̀rọ ń gba ìró agboolé títí téèpù fi yí tán. Mo ti gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀ báyìí: ìró ọlọ ata, àti ọmọ ọkọ̀ gbàkà tó ń pèrò lójú títì, "Abobo Gare! Abobo Gare!"

Ibà náà fi ọmọ sílẹ̀ níkẹyìn. Ó ti rù nígbà tó padà wálé. Láàárọ̀ tó fẹ́ lọ sílé-ìwé, mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ oríkì. Ohùn dákẹ́.

"Mo ní, ṣé o gbọ́ mi?"

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ikọ́ kan ṣoṣo, ní ibi tó ti máa ń wà gan-an.

Obìnrin ọmọ Abidjan tó ń fi Faransé pààlà Yorùbá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó Ọ̀yọ́. Ó ti kọ́ ikọ́ náà mọ́ oríkì. Mo fò dìde, mo ṣí fèrèsé kí n lè rí ẹni náà. Ìyá wọn ni lóòótọ́.

Ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò tíì dáhùn. Ó gbé ojú sókè, ó ń wo ẹnu ìyá rẹ̀, bóyá ó ń mì. Ìgbà tó rí i dáadáa ló tó sọ pé òun gbọ́.