Oyún Tí Gbogbo Ṣógúnlé Bá Mi Gbé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí n ròyìn oyún mi fún yín. Ẹ má tíì kí mi kú oríire o. Opó ni mí, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, nǹkan oṣù mi sì ti dágbére fún mi tipẹ́. Síbẹ̀, mo lóyún ní Ṣógúnlé, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ṣáájú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ iṣẹ́ mi. Àwọn fítámìn B ni mò ń ṣèwádìí lé lórí láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní fólétì. Ó wà nínú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹ̀dọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní hóró ni gbogbo abiyamọ mọ̀ sí fólíìkì, hóró yẹ́lò kékeré tí wọ́n máa ń fún aláboyún ní kílíníìkì. Ohun tó gba ayé mi kò ju èyí lọ: eegun ẹ̀yìn àti ọpọlọ ọmọ máa ń tò pọ̀ kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀ pé òun lóyún. Bí fólétì ò bá tó lára ìyá nígbà yẹn, ewu ń bẹ.

Ṣé ẹ wá rí ìyọnu mi? Nílẹ̀ wa, ta ní ń sọ oyún tuntun? Obìnrin á fi pamọ́ fún ọ̀rẹ́, á fi pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n, títí ikùn fúnra rẹ̀ á fi sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi í, á ní ibà ló ń ṣe òun. Ìgbà tó bá fi máa yọjú sí kílíníìkì, ẹ̀yìn ọmọ ti tò tán. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe, obìnrin kan ò tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi rí pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi tọ àwọn tí kò tíì lóyún lọ. Ẹgbẹ́ asalátù kan ní Ṣógúnlé gbà kí n máa wá lẹ́yìn ìpàdé wọn, kí n fún wọn ní hóró, kí n sì máa gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá wọn. Oníṣòwò ni wọ́n, ojú wọn ti là. Olórí wọn, Ìyá Sàdíà, tó ń ta aṣọ ọmọ ọwọ́, wo hóró náà, ó wo mí, ó ní ẹni tó bá gbé nǹkan ẹnu wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo gbé e mì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní kí n tún un ṣe, nítorí ike mìíràn ni mo gbé wá. Bí mo ṣe di ẹni tó ń gbé hóró aláboyún mì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ níwájú àwọn abiyamọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ níbẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, mo ra agbálùmọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, mo jókòó tì wọ́n, mò ń jẹ ẹ́. Mo rí i tí wọ́n ń wo ara wọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ jẹ nínú rẹ̀ ni, mo fi lọ̀ wọ́n. Kò sẹ́ni tó gbà á.

Nígbà tí mo padà lọ, àga onítìmùtìmù ni wọ́n gbé fún mi. Ẹnì kan já báàgì gbà lọ́wọ́ mi. Ìyá Sàdíà rọra sún mọ́ mi, ó ní, "Dókítà, ẹ má gbé nǹkan tó wúwo mọ́ o. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní mi ò lóyún. Mo ní opó ni mí, mo dárúkọ ọjọ́ orí mi. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń mi orí pé ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Aláboyún tó gbọ́n wo ló máa jẹ́wọ́? Bí mo bá dákẹ́, mo lóyún. Bí mo bá jiyàn, mo lóyún, mo sì tún gbọ́n! Mo fi ìtọ̀ mi ṣe tẹ́ẹ̀sì níbẹ̀, mo fi hàn wọ́n pé kò sí nǹkan kan. Ìyá Sàdíà ní oyún Sàdíà náà kò hàn lójú nǹkan yẹn.

Ìròyìn dé Ire-Akari, níbi tí mò ń gbé, ṣáájú mi. Aládùúgbò mi kan wà, Alàgbà Bánjọ, tí ìyàwó rẹ̀ ti dolóògbé. Ó máa ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wá fún mi. Òun ni wọ́n fura sí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sẹ́. Ó ní òun ń sẹ́. Lóòótọ́ ló ń sẹ́, ṣùgbọ́n bàbá yìí ti fi dáì sọ irun funfun rẹ̀ di dúdú, ó ń dé fìlà tuntun, ẹ̀rín músẹ́ ló sì fi ń sẹ́ ẹ.

Táyọ̀, àkọ́bí mi, pè láti Kánádà. Ó béèrè iná, ó béèrè omi, ó wá ní òun àti àbúrò òun ti jọ sọ̀rọ̀, pé ohun yòówù kó jẹ́, àwọn á dúró tì mí. Mo ní Táyọ̀, mi ò lóyún. Ó ní, "Kò burú, Mummy."

Ǹ bá fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìwádìí mi ti ń kú lọ. Àwọn tó ti bímọ tán sá. Ọ̀kan nínú wọn ránṣẹ́ pé bí oògùn bá lè fún opó lóyún, kí ni kò ní ṣe fún òun tí ọkọ wà nílé? Àwọn tó ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ sì ń wọkọ̀ wá láti Àgọ́ Palace, wọ́n ń bẹ̀ mí. Ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ fún wọn pé fólétì kì í fúnni lóyún. Wọ́n rò pé mò ń ṣahun ni. Àwọn tó ń gbọ́ bùkátà ìwádìí náà wá sọ pé bí àwọn obìnrin bá tún dín sí i, àwọn á tì í pa. Iṣẹ́ ayé mi fẹ́ forí ṣánpọ́n nítorí agbálùmọ̀.

Oṣù ń gorí oṣù, ikùn mi ò yọ. Mo ní ó parí nìyẹn. Mo kàn ń tan ara mi ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n kanlẹ̀kùn. Ìyá Sàdíà ló ṣáájú, àwọn obìnrin asalátù tẹ̀lé e, àwọn tó sá náà wà níbẹ̀. Wọ́n wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n gbé kúlà oúnjẹ sílẹ̀. Ìyá Sàdíà di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Dókítà, omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Ẹ gbà mí o. Wọ́n wá bá mi kẹ́dùn oyún tó bàjẹ́ lára mi!

Mo tún sọ pé oyún kankan ò sí níbẹ̀ rí. Ó ní, "A mọ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́." Ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá Táyọ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ pa mí lẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ẹkún bá gbé mi. Ọkọ mi ni mò ń sunkún, àmọ́ ta ló máa gbà? Wọ́n wo ara wọn pé ṣé ẹ rí i báyìí.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn. Èyí sọ oyún tó bọ́ lára rẹ̀ nígbà ààwẹ̀, òmíràn sọ ìbejì. Ìyá Sàdíà wá ní òun bí ọmọ kan ṣáájú Sàdíà, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ò padé, kò sì pẹ́ láyé. Wọ́n ti ní kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà, kò sì sọ ọ́ títí di ọjọ́ tó sọ ọ́ nílé mi yìí. Mi ò dárúkọ fólétì. Mo di ọwọ́ tirẹ̀ náà mú.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Rọ̀fíátù, èyí tó kéré jù nínú wọn, ní òun fẹ́ bá mi fọ abọ́. Nínú kíṣìnì, ó wo ẹ̀yìn, ó ní òun ò rí nǹkan oṣù òun, pé ọkọ òun gan-an ò tíì gbọ́, pé èmi lòun sọ fún torí èmi náà mọ bó ṣe ń rí. Ó ní òun ò sì fo ọjọ́ kan rí láìlo hóró yẹ́lò náà.

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo máa ń rò pé bí mo bá gbọ́ ọ, màá sáré wá bírò ni. Abọ́ ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó lọ jókòó.

Wọ́n ti padà sẹ́nu ìwádìí o, gbogbo wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tí a bá mọ àṣírí rẹ̀ là ń sọ àṣírí fún. Èmi ò ní àṣírí kankan, wọ́n bá yá mi ní ọ̀kan.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n ti fi dandan lé pé ẹ ní, tí ẹ ò ní? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á. Alàgbà Bánjọ, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fọ irun yín.