Omi Tí Dobrinka Dà Sẹ́nu Ọ̀nà Ara Rẹ̀

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹni tó mọ ilẹ̀kùn yunifásítì ìlú wa jù lọ, kò jókòó ṣèdánwò níbẹ̀ rí. Dobrinka lorúkọ rẹ̀.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ilé alájà méjì kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ló wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ìwọlé, ìyá rẹ̀ da omi sẹ́nu ọ̀nà níwájú rẹ̀, bí a ti ń ṣe ní Bùlùgéríà, kí nǹkan lè lọ geere. Ẹni tó bá ti kọjá lórí omi yẹn kì í padà sílé kó tó débi tó ń lọ, àfi tó bá fẹ́ da oríire rẹ̀ nù. Ó ti dé kọ́nà kó tó rántí pé káàdì ìdánimọ̀ òun wà lórí tábìlì. Ẹ wo nǹkan! Kò padà. Nígbà tó dé ilé-ẹ̀kọ́, aṣọ́nà wò ó lójú, ó ní, "Kò sí káàdì, kò sí ìwọlé. Máa lọ sílé, ọmọ mi."

Ló bá gba iṣẹ́ aṣọ́nà níbẹ̀ gan-an. Ọdún kan péré ni, ó ní, tí ìdánwò mìíràn bá dé, òun á jókòó. Ọdún kan kẹ̀! Ọjọ́ ìdánwò gan-an ni aṣọ́nà ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Tó bá kúrò, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ìyá rẹ̀ sì ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Ìjọba yí padà, ilé-ẹ̀kọ́ di yunifásítì, ilé kan di márùn-ún, wọ́n ń kọ́ dókítà, wọ́n ń kọ́ ẹnjiníà. Àga Dobrinka ò kúrò lójú kan. Ó máa ń dùn ún débi pé ó ń sunkún nínú yàrá kọ́kọ́rọ́.

"Ẹyẹ inú àgò sàn jù mí lọ," ló máa ń wí. "Ìyẹn ò mú kọ́kọ́rọ́ dání ní tiẹ̀."

Lẹ́yìn ọdún méjìlélógójì, ó fẹ̀yìn tì. Oṣù tó tẹ̀lé e ló forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò.

"Dobrinka, ṣé o fẹ́ lọ bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ jókòó ní kíláàsì ni?" làwọn aládùúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Èmi ń lọ ní tèmi."

Ìyá rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó máa bá a da omi. Ó dà á fúnra rẹ̀, ó kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó tọwọ́ bọ báàgì: bánítsà oníwàràkàṣì tó máa jẹ wà níbẹ̀, bírò wà níbẹ̀. Káàdì ńkọ́? Orí tábìlì!

"Rárá o," ó pariwo. "Omi ò ní tàn mí jẹ lẹ́ẹ̀mejì!"

Lọ́tẹ̀ yìí, ó padà. Ó sáré lọ, ó mú káàdì, ó sáré bọ̀. Ilẹ̀kùn ti tì. Ognyan, aṣọ́nà tí Dobrinka fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ló dúró lẹ́yìn gíláàsì.

"Ognyan, ṣí i. Èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, Màmá." Omi ti lé sí i lójú. "Agogo mẹ́sàn-án ti kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé tí ìdánwò bá ti bẹ̀rẹ̀, ì báà ṣe ìyá tó bí mi, n ò gbọdọ̀ ṣí i."

Ó fẹ́ bú u, ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Ká ní òun ló wà nínú, òun náà ò ní ṣí i.

Ognyan ṣí fèrèsé yàrá aṣọ́nà, ó sì rọra gbé àga kan gbabẹ̀ jáde sí i.

"Ẹ jókòó, Màmá. Àga yín ni."

Dobrinka jókòó sí i, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.