Díìsìkì Kẹta Tí Mo Wá Kiri Ọ́fíìsì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín lónìí. Láàárín àwọn ọdún 1990 ló ṣẹlẹ̀, ní Port Harcourt, nígbà tí mo jẹ́ kọ́pà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ẹnu mi kì í dákẹ́, inú mi sì máa ń tètè gbóná. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Trans-Amadi ni wọ́n gbé mi lọ. Ọ̀gá wa jẹ́ ẹnjinníà, ọmọ Kalabari, kì í pariwo, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sista Ibiso ni tàípíìsì wa. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la sì jọ ń lò: òun á fi tẹ lẹ́tà láàárọ̀, èmi á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n gbé fún mi? Àpótí kékeré kan tí yóò máa ṣọ́ yàrá yìnyín! Obìnrin kan wà ní Oyigbo, Mama Boma, tó ń ta ẹja dídì. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, yàrá yìnyín rẹ̀ á máa gbóná láìsí ẹni tó mọ̀, àfi ìgbà tí òórùn bá sọ fún gbogbo àdúgbò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti da ẹja nù báyẹn. Àpótí wa gbọ́dọ̀ máa fi nọ́ńbà hàn bí yàrá náà ṣe tutù tó, kó sì figbe ta bó bá ti ń gbóná.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n parí ìsìnlú. Ọ̀gá pè mí, ó ní Mama Boma ń bọ̀ wá wo àpótí náà lọ́jọ́ Fúráìdè. Bó bá ṣiṣẹ́, òun á gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí n máa lọ sílé ní àlàáfíà. Ilé wo? Ìsẹ́yìn, níbi tí àwọn tó ti gba dìgírì ṣáájú mi ti jókòó tí wọ́n ń ta ayò láti àárọ̀ dalẹ́? Háà! Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn débi pé oorun ò kùn mí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Àpótí yẹn ò ní kíbọ́ọ̀dù, ó kàn ní síìpù kékeré kan nínú, tó dà bí ọpọlọ rẹ̀, ni. Orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì la ti ń kọ púrógíráàmù rẹ̀, irinṣẹ́ kan tá a rà fún kọ̀ǹpútà á wá tú u sí èdè tí àpótí gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀? Àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà ti kọ iṣẹ́ kéékèèké bí ìṣirò sílẹ̀, wọ́n kó wọn jọ síbì kan. Ìyẹn là ń pè ní láíbírì. O kàn máa dárúkọ èyí tó o fẹ́ ni, á sì dá ọ lóhùn. Díìsìkì mẹ́rin ni wọ́n kó irinṣẹ́ wa sí, òkè òkun ló ti wá, láíbírì ìṣirò sì wà lórí ìkẹta.

Apá ìṣirò ni mo fi sẹ́yìn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo dárúkọ lọ́gáríìmù nínú púrógíráàmù mi, kọ̀ǹpútà ní òun ò rí i. Mo ní kò burú, mo lọ mú díìsìkì. Ìkíní wà, ìkejì wà, ìkẹrin wà. Ìkẹta dà? Mo tú páálí, mo tú dúrọ́ọ̀, kò sí! Bí a bá sì kọ̀wé síbi tí wọ́n ti rà á, yóò ju oṣù kan lọ kí òmíràn tó dé.

Nínú páálí kan ni gbogbo díìsìkì ọ́fíìsì máa ń wà. Òjò Port Harcourt kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù dì mọ́ nǹkan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bébà tá a lẹ̀ mọ́ díìsìkì a máa bọ́ dànù. Àṣà wa ni pé èyí tí kò bá ti ní bébà lórí, òfìfo ni. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ á nu ohun tó wà nínú rẹ̀, á kó tirẹ̀ sí i.

Ta ló wá ń lo díìsìkì jù? Sista Ibiso, dájúdájú! Mo kọjú sí i, lójú Ọ̀gá, mo ní òun ló nu láíbírì mi dànù, tó fi tẹ ìwé ètò ìsìnkú àwọn ará ilé rẹ̀. Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Corper, no put my name for your mouth o. I no touch your something.” Èmi ò gbọ́. Mo ń bú ramúramù bí ẹni tí wọ́n jí ìyàwó rẹ̀ gbé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí i, kì í dá mi lóhùn.

Nígbà tó di Túsìdè, mo ní mo ti rí ọgbọ́n dá. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ní láíbírì ìṣirò tirẹ̀. Síìpù àpótí àti síìpù kọ̀ǹpútà sì jẹ́ ẹbí. Ṣebí ìyá kan náà ló bí wọn? Mo fa láíbírì yẹn wọlé. Kọ̀ǹpútà tún ní nǹkan mìíràn kù. Mo wá ìyẹn fún un, ìyẹn náà tún ń béèrè òmíràn! Ó dà bí àlejò tó o pè wá jẹun, tó mú ọ̀rẹ́ dání, tí ọ̀rẹ́ náà sì mú àbúrò dání. Mo ń bọ́ wọn lọ bẹ́ẹ̀ títí kọ̀ǹpútà fi dákẹ́. Inú mi dùn, mo jó yí tábìlì po.

Mo kó púrógíráàmù náà sínú síìpù, mo tan àpótí. Kẹ́kẹ́ pa! Kò sí nọ́ńbà, kò sí ariwo. Ó gbà mí ní wákàtí mẹ́ta kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Láíbírì tí mo jí gbé yẹn, tó bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń pe àwọn nǹkan mìíràn tó wà nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́. Nínú àpótí wa, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ ìpè. Bó ṣe ń pè ni ó ń dúró, ó sì dúró títí. Mo wá rí i pé àgbéwọlé lásán ni, kì í ṣe ará ilé.

Wẹ́sìdeè ni àṣírí tú. Ẹ mọ̀ pé bí ọmọ Yorùbá bá ti dé Port Harcourt gẹ́gẹ́ bíi kọ́pà, kí ó tó já báàgì, ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá á ti fi í ṣe akọ̀wé. Bàbá Alága ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé òun ń fẹ́ àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Mo fọwọ́ bọ báàgì mi, mo fa díìsìkì tí mo tẹ̀ ẹ́ sí yọ. Mo yí i padà. Òǹtẹ̀ àwọn tó ṣe irinṣẹ́ wa ló wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà 3.

Èmi ni! Èmi tí mo ń pariwo kiri ni mo mú un nínú páálí nítorí pé kò ní bébà lórí. Èmi ni mo nu láíbírì kúrò, tí mo fi ẹjọ́ ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé rọ́pò rẹ̀. Ẹ mọ òwe Sókótó àti ṣòkòtò, mi ò ní tún un pa.

Kí ni kí n ṣe? Mo ronú pé kí n jù ú sínú gọ́tà, ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́. Mo lọ bá Sista Ibiso, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì. Ó fò sókè! “Jesus! Corper, stand up! You wan kill me?” Wọn kì í dọ̀bálẹ̀ fúnni nílé wọn. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pòṣé, ó tún pòṣé kejì, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló béèrè pé kí ni nǹkan tó sọnù yẹn ń ṣe gan-an. Mo ní nọ́ńbà tí wáyà tá a so mọ́ àpótí ń mú wá látinú yàrá yìnyín kọ́ ni bó ṣe tutù tó. Lọ́gáríìmù la fi ń yí i padà. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọ̀dẹ̀. “Log? For secondary school, who dey calculate log? No be four-figure table we dey open?”

Yéè! Mo lọgun. Ìwé tábìlì tí gbogbo wa gbé lọ sí yàrá ìdánwò! Nọ́ńbà tí wáyà lè mú wá ò ju igba ó lé díẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà ló ní láíbírì, kí kọ̀ǹpútà ṣírò gbogbo ìdáhùn sílẹ̀ ní tirẹ̀. Àpótí kàn máa ṣí tábìlì wò ni. Kò nílò láíbírì ìṣirò kankan mọ́!

Kó tó di ọ̀sán Tọ́sìdeè, tábìlì náà ti wà nínú síìpù. Sista Ibiso bá mi wá yìnyín, a kó o sómi, a ki wáyà bọ̀ ọ́. Àpótí kọ òdo gbàgà, iye tó yẹ kí omi yìnyín jẹ́ gan-an. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, Mama Boma dé, kò tẹ́tí sí àlàyé mi rárá. Ó tú ẹja dídì kan látinú nuspépà, ó ti ẹnu wáyà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nọ́ńbà lọ sílẹ̀ lọ́gán. Ó yọ ọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dì í mú. Nọ́ńbà ń gòkè, ó ń gòkè, àpótí figbe bọnu! “E dey cry! E dey cry!” Mama Boma ń rẹ́rìn-ín tí gèlè rẹ̀ fi tú. Ó ní òun fẹ́ méjì.

Nígbà tó lọ, Ọ̀gá béèrè pé níbo ni mo ti rí díìsìkì kẹta. Mo lè purọ́, ẹ̀yin èèyàn mi! Ta ni ì bá mọ̀? Ṣùgbọ́n ojú Ọ̀gá yìí ni mo ṣe fi ẹ̀sùn kan obìnrin yẹn. Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo bà á jẹ́, pé Sista Ibiso ò fọwọ́ kàn án, àti pé òun gan-an ló rántí tábìlì. Ọ̀gá yíjú sí Sista Ibiso, ó ní ó dọwọ́ ẹ̀, ṣé kí òun gbà mí síṣẹ́?

Sista Ibiso fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra, ó ní kí n sọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ bàbá mi, kí òun má lọ tẹ̀ ẹ́ sí òdì nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: kó o tó tú ẹrù ẹlòmíì, kọ́kọ́ tú tìrẹ. Ohun tó o bá sì sọ nù, béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, o lè má nílò rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti pè lólè rí, tó jẹ́ pé àpò yín ni nǹkan ọ̀hún wà? Ẹ má tijú, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Èmi tí mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ṣáà ti sọ tèmi!